Ta Ló Sọ fún Ewédú Pé Kó Tanná?

Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ṣí ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ wa yìí yóò máa retí oríkì, ìtàn ìlú, tàbí àríwísí ìwé ìtàn-àròsọ. Ọ̀rọ̀ òdòdó ni èmi gbé wá. Ẹ má rò pé mo ṣìnà. Ìjà ìyá mi àti ọ̀rẹ́ wọn ló gbé mi débẹ̀, bí ẹ bá sì ní sùúrù fún mi, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ìyá mi dá oko ẹ̀fọ́ sí àkùrọ̀ kan létí odò lẹ́yìn ìlú wa. Ewédú ni wọ́n gbìn jù. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ wọn tó ń ta hóró ẹ̀fọ́ lọ́jà ni wọ́n ti ra hóró rẹ̀. Wọ́n da omi gbígbóná sí i bí àwọn àgbẹ̀ ti máa ń ṣe kí èèpo rẹ̀ tó le lè rọ̀, wọ́n gbìn ín, wọ́n sì ń bomi rin ín láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ewédú hù dáadáa. Ṣùgbọ́n kò tíì ga ju ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé lọ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ìyeyè. Kò pẹ́ sí i tó fi so, ewé rẹ̀ kéré, igi rẹ̀ sì le gan-an. Ta ni yóò ra ewédú bẹ́ẹ̀? Ìyá mi ní hóró tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni ọ̀rẹ́ àwọn tà fún àwọn. Ọ̀rẹ́ wọn ní irọ́ ni, omi tí wọ́n dà sí i ló gbóná jù. Ọ̀rọ̀ di ariwo láàárín ọjà. Àwọn méjèèjì yìí ti jọ ń dá àjọ láti ìgbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi kúrò nínú àjọ, wọn kò sì kí ara wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ àtẹ wọn kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ síra.

Nígbà tí mo dé ilé fún ọdún Kérésìmesì, ìyá mi mú mi lọ sí àkùrọ̀ náà, wọ́n nawọ́ sí i, wọ́n ní, "Ìwọ tí o wà ní yunifásítì, ta ló sọ fún ewédú pé kó tanná?" Mo ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, èdè Yorùbá ni mò ń kọ́." Wọ́n wò mí bí ẹni tó fowó ṣòfò.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà padà sí ilé-ẹ̀kọ́, mo sọ ọ́ fún ẹni tí a jọ ń gbé yàrá, tí ó ń kọ́ ìmọ̀ nípa ewéko. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n òun kò lè sọ ọ́ fún ìyá mi, nítorí pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi ṣe irú àlàyé bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju ti àkùrọ̀ lọ. Ṣé kì í ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ níbí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì? Bí ọmọ kékeré bá lè gbọ́ ọ, ìyá mi yóò gbọ́ ọ. Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi máa sọ ọ́ bó ṣe lè sọ ọ́, èmi yóò máa kọ ọ́ ní Yorùbá.

A bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Bí igi bá ń múra láti yọ òdòdó, a ní ó rúdí. Bí ó bá ṣí, a ní ó tanná, ohun tó ṣí náà sì ni ìtànná tàbí òdòdó. Bí òdòdó bá rọ tí ohun jíjẹ dípò rẹ̀, a ní ó so. Ìgbà mẹ́ta nínú ayé igi, ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ní tèmi, bí mo bá gbọ́ "tanná", iná fìtílà ni mo máa ń rí lọ́kàn, bí ẹni pé igi náà gbé àtùpà síta kí àlejò lè rí ọ̀nà. (N kò fi èyí ṣe òfin o. Àwọn olùkọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ ìró yóò fà mí létí.)

Lẹ́yìn náà a lọ já òdòdó ilá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òdòdó ti rí, kó lọ sí oko ilá láàárọ̀, nítorí pé àárọ̀ ló ń ṣí, bí ọ̀sán bá rọ̀ ó ti ń pa dé, bó bá di ọjọ́ kejì ó ti rọ. Ẹ fi ọ̀bẹ là á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ewé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká. Lókè ìyẹn ni awọ tó bo òdòdó mọ́lẹ̀ nígbà tí kò tíì ṣí, èyí tí mo pè ní ewé ìbora. Ti ilá máa ń ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì máa ń bá òdòdó já bọ́. Nínú ìsapá, ewé ìbora yìí kì í já bọ́, ńṣe ló ń nípọn tó ń kún fún omi kíkan, òun gan-an là ń sè lọ́bẹ̀, òun náà ni wọ́n ń rẹ sómi ṣe sóbò. Ẹni tó bá ń jẹ ìsapá lọ́nà yìí kò jẹ ewé ara igi, kò sì jẹ èso. Aṣọ òdòdó ló ń jẹ.

Tẹ̀lé ewé ìbora ni ewé òdòdó fúnra rẹ̀, márùn-ún ni ti ilá, aláwọ̀ ìyeyè ni, ìdí rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún sì pọ́n dúdú bí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ. Àmì ni ìyẹn jẹ́ fún oyin, pé ibẹ̀ ni kó forí lé. Láàárín gan-an ni ọ̀pá kan dúró sí. Ara ọ̀pá náà kún fún ọmọ orí wẹ́wẹ́ tí lẹ́búlẹ́bú wà lára wọn, akọ nìyẹn. Ṣóńṣó ọ̀pá náà yọrí jáde, ó pọ́n, ó sì pín sí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí abo nìyẹn. Ibẹ̀ ni lẹ́búlẹ́bú gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Bí ó bá ti bọ́ síbẹ̀, ẹyọ lẹ́búlẹ́bú kọ̀ọ̀kan yóò ti òwú tín-ín-rín kan bọ inú ọ̀pá lọ sísàlẹ̀ títí yóò fi kan ẹyin nínú ilé ọmọ. Ilé ọmọ yìí ni ilá tí à ń jẹ, àwọn ẹyin inú rẹ̀ sì ni hóró. Ẹ ka igun ara ilá kan, kí ẹ sì ka ìpín orí abo lára òdòdó ìdí igi kan náà: iye wọn sábà máa ń bára mu, torí pé yàrá kọ̀ọ̀kan nínú ilé ọmọ ló ní igun tirẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ èyí, n kì í lè rẹ́ ilá láìkà á.

Kì í ṣe gbogbo òdòdó ló ní akọ àti abo pa pọ̀. Àwọn àgbà mọ akọ ìbẹ́pẹ, èyí tí òdòdó rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro tí kì í so. Ti àgbàdo, akọ wà lórí ṣóńṣó, abo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, irun àgbàdo sì ni ọ̀nà tí lẹ́búlẹ́bú ń gbà wọlé. Ẹyọ irun kan, ẹyọ hóró kan. Bí ẹ bá bó àgbàdo tí ẹ rí i tó yọ eyín, irun ibẹ̀ ni lẹ́búlẹ́bú kò dé.

Ọ̀rẹ́ mi wá fi kún un pé ilá, ewédú, ìsapá, òwú, kòkó àti obì, ẹbí kan náà ni wọ́n. Tẹ́lẹ̀, ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn onímọ̀ fi wọ́n sí, ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 1998, lẹ́yìn tí wọ́n yẹ DNA wọn wò, wọ́n kó gbogbo wọn sínú ìdílé Malvaceae. Bí mo ti sọ èyí fún ìyá mi, wọ́n ní ẹni tó bá ti se ilá àti ewédú pọ̀ rí ti mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Bí òdòdó ti ń tò sára igi náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ilá ń yọ tirẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní apá ewé. Ti ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀ tò mọ́ ọ̀pá kan ṣoṣo láìní igi tó gbé e. Ti ọkà bàbà yẹ̀ka, ẹ̀ka rẹ̀ tún yẹ̀ka. Ti àlùbọ́sà ń ti ojú kan náà jáde bí irin agbòjò. Àwọn tó tún yani lẹ́nu ni àwọn tí à ń pè ní òdòdó kan tí wọ́n sì jẹ́ èrò rẹpẹtẹ. Ẹ já òdòdó yánrin tàbí ti ewúro, ẹ tú u wò: ohun tí ẹ pè ní ewé òdòdó kọ̀ọ̀kan tàbí okùn inú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, odidi òdòdó ni, ó ní akọ, ó ní abo. Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́ọ̀lù pupa tó ń rọ̀ lórí igi irú ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òdòdó ló wà lára ẹyọ kan, àdán ló sì ń wá mu omi dídùn rẹ̀ lóru, tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti orí igi kan dé òmíràn. Irú tí à ń fi sebẹ̀, ọpẹ́ ni fún àdán.

Ti ọ̀pọ̀tọ́ ńkọ́? Ẹni tó ti ń jẹ ọ̀pọ̀tọ́ láti kékeré lè búra pé òun kò rí òdòdó rẹ̀ rí. Inú ni wọ́n wà. Ohun tí à ń pè ní èso rẹ̀ jẹ́ àpò tí òdòdó wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀, tí agbọ́n kan tó kéré ju èèrà lọ ń gba ihò ẹnu rẹ̀ wọlé. Ti kòkó ní tirẹ̀ ń yọ lára ìtì igi lásán, kántíkántí ló sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú òdòdó kòkó máa ń gbọ̀n dànù ni láìso.

Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ ni n ó fi ṣe ẹlẹ́rìí pé ìtò òdòdó kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọ̀pẹ kan náà a máa yọ akọ ìtò fún sáà kan, kó tún wá yọ abo fún sáà mìíràn, nítorí náà ó sábà máa ń gba lẹ́búlẹ́bú láti ara ọ̀pẹ mìíràn. Nígbà tí àwọn òyìnbó gbé ọ̀pẹ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí ilẹ̀ Malaysia, igi nìkan ni wọ́n gbé, wọn kò gbé kòkòrò tó ń bá a ṣiṣẹ́. Odindi oko ńláńlá ni wọ́n ń gba òṣìṣẹ́ sí láti máa fi ọwọ́ bu lẹ́búlẹ́bú sórí abo. Ní 1981 ni wọ́n tó kó kòkòrò kékeré kan tó ń jẹ́ Elaeidobius kamerunicus láti Kamẹrúùnù lọ síbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ náà sì parí. Kòkòrò yìí wà lórí ọ̀pẹ tiwa láìgba owó iṣẹ́.

Ó yá, ìbéèrè ìyá mi. Kí ló ń sọ fún igi pé àkókò tó? Oríṣiríṣi ni. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀: kòkó kì í so ní ọdún tí a gbìn ín. Òjò wà níbẹ̀: kọfí a rúdí, a dúró sójú kan ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí òjò bá sì ti rọ̀ lé e, láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá gbogbo oko a funfun. Òtútù wà níbẹ̀: àlùbọ́sà nílò rẹ̀ kí ó tó tanná, ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ ilẹ̀ Hausa fi dára fún hóró rẹ̀. Èéfín pàápàá wà níbẹ̀, nítorí pé èròjà inú rẹ̀ kan lè mú kí ọ̀pẹ òyìnbó tanná, àwọn kan a sì máa fi kábáìdì àwọn ajórin ṣe irú iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n ti ewédú, òru ni.

Ní 1920, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Garner àti Allard, kọ̀wé nípa tábà kan tó ń ga ṣáá nínú oko láìtanná ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tó sì ń tanná wẹ́rẹ́ bí wọ́n bá gbìn ín sínú ilé ní ìgbà òtútù. Wọ́n yẹ ooru wò, wọ́n yẹ omi wò, kì í ṣe ìyẹn. Ni wọ́n bá ń gbé tábà náà sínú ilé tó ṣókùnkùn ní ọ̀sán kí oòrùn tó wọ̀. Ó tanná. Gígùn ọ̀sán àti òru ni igi náà ń kà. Ní 1938, Hamner àti Bonner fi hàn lára ewéko mìíràn pé òru gan-an ló ṣe pàtàkì: bí a bá tan iná sí i fún ìgbà díẹ̀ láàárín òru, ńṣe ló dà bí ẹni pé òru náà kò gùn, kò sì ní í tanná. Àwọn tó ń gbin òdòdó tà lókè òkun ń fi ọgbọ́n yìí jẹun títí di òní.

Ewé ló ń ka òru, bẹ́ẹ̀ òdòdó kì í yọ lára ewé. Báwo ni ìròyìn ṣe ń dé ọ̀mùnú? Láàárín 1936 sí 1937 ni Chailakhyan, ará Rọ́ṣíà, ti sọ pé ìránṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ wà tí ewé ń rán, ó sì sọ ọ́ ní florigen. Àádọ́rin ọdún ni wọ́n fi wá ìránṣẹ́ náà. Ní 2007 ni wọ́n fi hàn pé purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní FT ni. Inú ewé ni wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà nínú igi ló ń bá lọ, bó bá sì dé ọ̀mùnú, ọ̀mùnú yóò dẹ́kun ewé yíyọ, yóò rúdí.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn. Ní Lọ́ńdọ̀nù ọ̀sán oṣù Kẹfà gùn ju wákàtí 16 lọ, ti oṣù Kejìlá kò pé 8. Ní Ìbàdàn, ọ̀sán tó gùn jù kò ju nǹkan bí wákàtí 12 àti ààbọ̀ lọ, èyí tó kúrú jù sì tó nǹkan bí wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 45. Ta ni ìyàtọ̀ tí kò pé wákàtí kan kàn? Ó kan ewéko wa. Ní 1958, Eni Njoku, tó ń kọ́ni ní Ìbàdàn nígbà náà, ẹni tó di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ fún Yunifásítì Èkó ní 1962, tẹ iṣẹ́ jáde lórí èyí gan-an, ó sì fi hàn pé àwọn ewéko ilẹ̀ Nàìjíríà kan ń mọ ìyàtọ̀ kékeré yìí lára. Ní 1968, Curtis ní Sàmárù, lẹ́bàá Zaria, fi hàn pé ọkà bàbà ìbílẹ̀ máa ń yọrí ní nǹkan bí àkókò tí òjò ń parí ní àdúgbò tirẹ̀. Bó bá yọrí ṣáájú, òjò yóò ba hóró rẹ̀ jẹ́. Bó bá pẹ́ jù, omi yóò gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Òjò lè yẹ̀, òru kì í yẹ̀.

Ewédú, ìsapá àti ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀ wà nínú àwọn tí òru gígùn ń mú tanná. Tòmátì kò bìkítà. Bí ewédú bá hù ní oṣù Karùn-ún, òru kúrú, yóò máa ga, yóò máa yẹ̀ka. Bí ó bá hù ní oṣù Kọkànlá, òru ti gùn, yóò rò pé ọdún ti lọ tán, yóò yára so kí ó tó kú. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀rùn, ńṣe ni kó gbìn ín pọ̀ mọ́ra, kó fà á tu kó tó rúdí.

Mo kó gbogbo èyí délé, mo kà á fún ìyá mi ní Yorùbá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí mo ní láti túmọ̀. Wọ́n kàn ní, "Ìwé nìyẹn."

Hóró ọjọ́sí ṣì kù díẹ̀ nínú ìgò. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, mo da omi gbígbóná sí i bí wọ́n ti ṣe, mo gbìn ín sẹ́yìn ilé. Ó ga, ewé rẹ̀ fẹ̀. Ìyá mi ní òjò ló fún un. Mo ti mọ̀ pé wọn yóò sọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo ti ya márùn-ún sọ́tọ̀ nínú ebè kan náà. Garawa dúdú ni èmi àti àbúrò mi fi ń bò wọ́n ní agogo 5 ìrọ̀lẹ́, a óò sì ṣí wọn ní agogo 8 òwúrọ̀, lójoojúmọ́, títí àwọn ará ilé fi ń bi wá bóyá adìyẹ la fi pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Òjò kan náà, ilẹ̀ kan náà, ìgò hóró kan náà. Àwọn tó kù ti ga dé ìbàdí mi láìrúdí nígbà tí àwọn márùn-ún yẹn yọ òdòdó aláwọ̀ ìyeyè, tí wọn kò ga ju orúnkún lọ.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò wọ́n pẹ́. Wọ́n fọwọ́ kan òdòdó kan. Wọn kò bá mi sọ nǹkan kan. Wọ́n gé lára èyí tó ga, wọ́n dì í ní ìdì ńlá kan, wọ́n pe àbúrò mi, wọ́n sì rán an lọ sí ilé ọ̀rẹ́ wọn. Ilẹ̀ ti ń ṣú kó tó padà dé. Ó mú hóró ewédú tuntun tí wọ́n fi bébà wé lọ́wọ́ bọ̀, ó ní wọ́n ní kí wọ́n kí ìyá wa, pé owó kọ́ o, àti pé kí wọ́n má ṣe gbìn ín sí àkùrọ̀.